Ẹ̀rọ tí Ìbàdí Ń Dùn

"Màmá Abọ́sẹ̀dé, òógùn ti yọ níwájú orí yín. Ṣé iṣẹ́ lẹ ń ṣe ni?"

Ìlẹ̀kẹ̀ aṣọ́ni tí ìjọba so mọ́ ọrùn-ọwọ́ gbogbo èèyàn ló béèrè bẹ́ẹ̀, láàárín títì, ní kùtù àárọ̀, pẹ̀lú ohùn dídùn bíi ti ọmọge tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà. Màmá dúró gbagidi. Abẹ́ ìró rẹ̀ wú bíi ti arúgbó tó lóyún ìbẹta. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn wà níbẹ̀, ike òrí wà níbẹ̀, ìgò àdín sì há sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo.

"Iṣẹ́ kẹ̀? Eré ni mò ń ṣe!" ni Màmá wí, ló bá bẹ̀rẹ̀ ijó.

Ẹ wá wo ijó! Kò sí ìlù, kò sí orin, àfi ìgò àdín tó ń kọ ko-ko-ko lára ike òrí. Ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ilẹ̀ Ìrágbìjí mì tìtì. Ó jù ú sósì, àpáta orí òkè tó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ayé Nóà sún díẹ̀ kó lè ríran dáadáa. Àwọn ará àdúgbò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń sinmi bí òfin ṣe wí, ojú wọn sì wú fún ìsinmi. Wọ́n mọ ibi tí Màmá ń lọ. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Bàbá Rájí, ẹni tó máa ń fi ijó roko lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá kọ ebè kan, á gbọn èjìká kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà fura, ké láti orí àga: "Eré ni o! Àwa la rí i! Eré pọ́ńbélé ni!"

Ìlẹ̀kẹ̀ náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Ó dáa. Ẹ kú ìsinmi o, Màmá."

"Ìsinmi á pa ìyá ẹ, tó o bá ní," ni Màmá sọ sábẹ́ eyín, ó sì ń jó lọ.

Kí ni èèyàn á ṣe ju kó jó lọ? Ẹ̀rọ ló ń gbin iṣu, ẹ̀rọ náà ló ń gún un. Ẹ̀rọ ló ń ránṣọ. Ní kóòtù, ẹ̀rọ kan ló ń bá olè parọ́, ẹ̀rọ kejì ló ń dá a lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ èèyàn débi pé "ẹ kú iṣẹ́" gan-an ti di ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Bó o bá fi kí ẹnikẹ́ni, ìlẹ̀kẹ̀ á figbe bọnu bí adìẹ tó rí àṣá, torí wọ́n ní ẹni tó ń kí òṣìṣẹ́ ló ń ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá sì ká iṣẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ìbọ̀wọ́ ìsinmi ló kàn: ó funfun, ó rọ̀ bí òwú, kì í sì í bọ́ mọ́ títí ọjọ́ ikú. Obìnrin kan tó dín àkàrà ní kọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Imú yún un lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀rọ tó fẹ́ bá a họ ọ́ ò dé títí di Ọjọ́rú.

Màmá mọ gbogbo èyí. Ó ń jó lọ náà ni. Ọmọ́lará, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ti bímọ, ó sì ti gbé ìkókó dé láti ọsibítù. Màmá ló wẹ ìyá Ọmọ́lará. Òun ló wẹ Ọmọ́lará. Ó ti fi ahọ́n kan ilẹ̀ pé kò sí ẹ̀rọ kan láyé tó máa gba ìwẹ̀ àkọ́kọ́ àlejò kékeré yìí mọ́ òun lọ́wọ́.

*

"Màmá! Ẹ ti wá!" Ọmọ́lará fẹ́ fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rántí ara rẹ̀, ó rọra jókòó padà. "Ta ló rí yín?"

"Gbogbo ìlú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́." Màmá tú ẹrù abẹ́ ìró sílẹ̀. "Àlejò mi dà?"

Ìkókó náà wà nínú aṣọ, ó dijú, ó káwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá ayé jà. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Àrànṣe dúró sí, ẹ̀rọ tó ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ìlú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní bí àdògán, ọwọ́ rẹ̀ gùn, rọ́bà múlọ́múlọ́ ni wọ́n fi bò ó, inú ikùn rẹ̀ ni omi ti ń gbóná.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Àrànṣe, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmi ni tòní."

"Màmá, iṣẹ́ nìyẹn."

"Eré ni."

Nǹkan kan dún kùn-ún nínú ẹ̀rọ náà. "Eré wo ni?"

"Eré ìwẹ̀. Jókòó síbẹ̀ kó o máa wòran."

Màmá fa àpótí ìjókòó kan sídìí báàfù. Àrànṣe náà fa tiẹ̀. Kò nílò àpótí o, ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ lè dúró títí ayé á fi parẹ́, ṣùgbọ́n Màmá ló kọ́ ọ níṣẹ́, orí àpótí sì ni Màmá máa ń jókòó. Lọ́dún tí òfin dé, àwọn ará Ọ́fíìsì Ìsinmi gbé e wá fún un, wọ́n ní kó máa wo Màmá, kó máa ṣe bó ṣe ń ṣe, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀. Kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ lóòótọ́. Bí Màmá ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, ó gbà á. Bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ létí, ó gbà á. Màmá rọra ń bẹ̀rẹ̀ lọ sórí àpótí, Àrànṣe náà ń bẹ̀rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà:

"Yéè, ìbàdí mi ò!"

Ọmọ́lará bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. "Ẹ má pa mí o! Ojú ibi tí wọ́n rán ò tíì jinná!"

Ìbàdí wo? Irin àti rọ́bà! Àmọ́ ó ti gba ìlú kan. Kò sí ọmọ tó ń sùn ní Ìrágbìjí bí kò bá gbọ́ igbe ìbàdí yìí lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ ó rí abiyamọ kékeré, ara rẹ̀ ń dán bí ẹja tútù, tó máa dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tí á di ẹ̀yìn mú, tí á máa kérora bí arúgbó tó ru òkè lọ sí oko, kí ọmọ ṣáà lè fojú kan oorun.

Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí báàfù, ó gbé ìkókó lé ojúgun. Ó po ọṣẹ títí tó fi hó. Ó fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná tẹ orí ọmọ, níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́jẹ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́, àlejò. Ọ̀nà jìn, àbí? Wọ́n fún ẹ níbi tóóró, o sì gbà á kọjá. Ó ku díẹ̀. Gbogbo ibi tó rún, a máa tún un ṣe." Ìkókó ké, gbogbo awọ ara rẹ̀ pọ́n bí atarodo. Inú Màmá dùn dé eyín tí kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó kan àyà ọmọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọmọ́lará rí i. Ó gbójú kúrò, ó tún wò ó. "Màmá. Ọwọ́ yín."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

"Ó ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

"Òtútù ibo, Màmá? Ooru omi yìí lè bọ ẹyin."

"Òtútù inú ni. Ṣé gbogbo òtútù ló ń gba ojú fèrèsé wọlé ni?"

Ìgbà yẹn ni Àrànṣe gbé ọwọ́ rọ́bà rẹ̀ méjèèjì sókè. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, jẹ́jẹ́, gẹ́lẹ́ bíi ti Màmá. "Màmá, ṣé ó ti tó àsìkò gbígbọ̀n? Kí n bá yín gbọ̀n?"

"Gbígbọ̀n kẹ̀?"

"Gbígbọ̀n tí ẹ kọ́ mi. Tí ẹ bá ti kan àyà ọmọ, ẹ máa ń gbọ̀n ọwọ́ ọ̀tún. Mo máa ń ṣe é fún gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n á dákẹ́."

Màmá wo ọwọ́ rọ́bà náà, ó wo tirẹ̀. Ọdún tí ó ń kọ́ ẹ̀rọ yìí níṣẹ́ náà ni gbígbọ̀n yìí kọ́kọ́ dé. Ó fi pamọ́ fún gbogbo ayé. Bí ẹnìkan bá wò ó, á ní omi ni òun ń gbọ̀n dànù. Ó fi pamọ́ fún Ọmọ́lará, ó fi pamọ́ fún pásítọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pamọ́ fún Ọlọ́run. Ẹnìkan ṣoṣo tó rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ pé àìlera ni. Ẹ̀kọ́ ló pè é. Ó gbà á bó ṣe rí, ó sì ń fi ṣìkẹ́ ọmọ kiri ìlú láti ọdún yẹn wá.

"Ta ní sọ pé kó o kọ́ ìyẹn?" ni Màmá béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀."

*

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kí Ọmọ́lará tó dáhùn, ọkùnrin gìrìpá kan ti wọlé, ó dé fìlà Olùṣọ́ Ìsinmi, ó gbé báàgì funfun kọ́ èjìká. Làmídì ni. Ọmọ àdúgbò ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, gbogbo èèyàn ló sì ń sá fún un.

"Ẹ kú ìsinmi ilé yìí o." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, ó dìde, ó gbọn orúnkún, lẹ́yìn náà ló wá yọ ìbọ̀wọ́ ìsinmi jáde nínú báàgì. "Màmá, ẹ má bínú. Ìlẹ̀kẹ̀ yín ti pọ́n láti ẹ̀ẹ̀kan, ó ní iṣẹ́ lẹ ń ṣe."

"Ojú ń dùn ún ni."

"Màmá." Làmídì kọjú sí ẹ̀rọ. "Àrànṣe, kí ni Màmá ń ṣe níbí?"

"Eré ni. Eré pọ́ńbélé ni."

Ẹnu Làmídì là sílẹ̀, kòkòrò ìbá wọlé kó tún jáde. "Ẹ̀rọ kì í parọ́!"

"Ọwọ́ mi ló ti gbà á," ni Màmá wí, kò gbójú kúrò lára ọmọ. "Làmídì, bọ́ fìlà yẹn kí n rí ẹ. Ta ló tẹ orí yẹn tó fi rí rogodo báyìí?"

"Màmá, òfin ló rán mi wá…"

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ?"

Làmídì wo Ọmọ́lará, ojú tì í. "Wọ́n ní ó gùn bí ìbẹ́pẹ."

"Ìbẹ́pẹ tí lọ́rì gun kọjá! Ìyá ẹ wò ó, ó ní ṣé kí àwọn dá a padà ni. Mo ní ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Màmá fi omi ṣan ẹsẹ̀ ìkókó. "Òun lo wá dé fìlà lé wá mú mi."

Ọmọ́lará fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Làmídì pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kí ló kù?"

"Jíjù sókè ló kù."

"Ẹ má jù ú. Ẹ gbé e fún Àrànṣe báyìí, màá ní ẹ kàn wá kí wọn kú ewu ọmọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jù ú sókè, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kò sí ohun tí mo lè sọ mọ́. N ó fi ìbọ̀wọ́ yìí sí yín lọ́wọ́. Ẹ ò ní lè di ìró mọ́, Màmá. Ẹ ò ní lè fọwọ́ kan ọmọ yìí mọ́ títí táá fi dàgbà."

Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí a ò bá jù sókè lẹ́yìn ìwẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rù á máa bà á láyé. Bó bá rí àkùkọ, á sá. Bó bá di géńdé, bó bá gbọ́ tí ìkòkò já bọ́, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá di ìkókó mú lábẹ́ abíyá, ọwọ́ kan lọ́tùn-ún, ọwọ́ kan lósì, ó gbé e sókè díẹ̀ láti wọn ìwúwo rẹ̀ wò.

Ọ̀tún gbọ̀n. Ọmọ náà yọ̀, bí ìwọ̀n èékánná kan péré, lára ọṣẹ.

Màmá gbá a mọ́ àyà kíá. Omi àti ọṣẹ dà sí i lára, aṣọ rẹ̀ rin gbindin. Làmídì kò rí i. Ọmọ́lará rí i. Ó ti dìde dúró láìmọ̀, ó sì rọra jókòó padà, ọwọ́ rẹ̀ di etí bẹ́ẹ̀dì mú ṣinṣin.

"Màmá," ni Ọmọ́lará wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ ni ín. Èyí tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

Ìbá sàn kó pariwo. Ìbá sàn kó ní, "Ẹ fún mi lọ́mọ mi!" Ẹni tó pariwo, Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó o fọwọ́ ara ẹ tọ́ jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ó sì fi gbogbo ohun tó ní láyé sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, torí pé ọwọ́ rẹ ni. Màmá gbé imú lé orí ìkókó. Ó fa òórùn rẹ̀ sínú títí tó fi kún inú rẹ̀.

"Àrànṣe," ó ní. "Wá gbé e."

Làmídì mí kanlẹ̀, aṣọ fèrèsé fò.

"Làmídì, má rò pé ìbọ̀wọ́ ẹ ló bà mí lẹ́rù o. Ǹ bá wọ̀ ọ́. Ǹ bá sì fi gbá ẹ létí."

"Mo mọ̀, Màmá."

Àrànṣe na ọwọ́ rọ́bà rẹ̀ síwájú, ọ̀tún ń gbọ̀n bó ṣe kọ́ ọ. Màmá di ọwọ́ náà mú. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ̀n, rọ́bà àti ẹran ara, ẹ ò ní mọ ti ta ni.

"Gbọ́. Bó o bá fẹ́ ju ọmọ sókè, ọwọ́ kì í gbọ̀n."

"Ẹ̀kọ́ tuntun ni?"

"Ẹ̀kọ́ tuntun ni. Òun ló kù tí n kò kọ́ ẹ. Bó o bá ti mú un padà tán, o lè máa gbọ̀n lọ."

Ọwọ́ Àrànṣe dúró jẹ́ẹ́, bí omi inú ìkòkò. Ó gba ìkókó. Ó jù ú.

Ọmọ náà lọ! Ó lọ títí ó fi rí òrùlé Ikirun, ó kí ẹyẹ lékèélékèé méjì, ó wo ojú ọ̀run bóyá ó gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀, ó ní rárá, ó sì ń bọ̀. Ó bọ́ sọ́wọ́ rọ́bà pẹ̀ẹ́. Àrànṣe tún jù ú. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lọ sókè, ọwọ́ Màmá méjèèjì á bá a lọ, lófìfo, àtẹ́lẹwọ́ á là, á dúró dè é títí á fi balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìkókó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, kò ké, ó sín. Ẹ̀rù ò ní bà á láyé mọ́.

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ìhó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, omi ń kán ní etí ìró rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Làmídì ń ká ìbọ̀wọ́ padà sínú báàgì, ara ti tù ú, ó gbójú sókè, ó rí i bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Yéè! Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ figbe ta. "Ọ̀rọ̀ èèwọ̀! Ọ̀rọ̀ èèwọ̀! Olùṣọ́ Làmídì, ìbọ̀wọ́ ti tọ́ sí yín!"

Làmídì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ. Ìyá rẹ̀ ló fà á. Obìnrin yẹn, kó tó kú, bí ọmọ rẹ̀ bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò kí i, ìgbátí tó máa gbà, Ìlá ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Òfin lè dé fìlà fún èèyàn. Kò lè bá ìgbátí ìyá rẹ̀ jà.

"Ó yọ ni, Màmá," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na ìbọ̀wọ́ náà sí i bí ọmọdé tó gbé pàṣán fún olùkọ́. "Ẹ bá mi wọ̀ ọ́."

Màmá gba ìbọ̀wọ́, ó wò ó. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti kí i bẹ́ẹ̀. Ó ki ọ̀kan bọ ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, èyí tó ń gbọ̀n. Ó ki èkejì bọ ọwọ́ òsì Làmídì.

"Ọ̀kan fún ẹ, ọ̀kan fún mi. Ìlẹ̀kẹ̀, ìbọ̀wọ́ ti wọlé àbí kò wọlé?"

Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì rò ó títí. "Ó ti wọlé," ni wọ́n wí, wọ́n sì dákẹ́, ojú tì wọ́n.

"Màmá, kí lẹ wá ṣe yìí?" ni Làmídì wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ku ọwọ́ kọ̀ọ̀kan fún wa. Èyí tó ṣẹ́kù á gbé ọmọ. O sì kí èmi àti Àrànṣe, a ò tíì dáhùn."

"Ẹ̀yin ni mo kí."

"Àwa méjèèjì lo bá lẹ́nu rẹ̀." Màmá yíjú sí ẹ̀rọ. "Àrànṣe, wọ́n ní ká kú iṣẹ́. Dá wọn lóhùn."

Àrànṣe dúró, ó gbé ìkókó mọ́ àyà, inú rẹ̀ ń dún kùn-ún, kùn-ún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò sẹ́ni tó kí i rí. Ó wá gbogbo ohun tí Màmá kọ́ ọ, láti orí omi gbígbóná títí dé orí eré pọ́ńbélé, kò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀, àfi ẹyọ kan. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sí àyà ọmọ, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jẹ́jẹ́.

"Yéè," ó ní, "ìbàdí mi ò."

Ìkókó yán lẹ́ẹ̀kan. Ó sùn.